Obìnrin Tí Kò Mọ̀ Ju "Gbà Mí" Lọ

Èmi ni mo kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Kí ẹ tó dá ọmọ-ọmọ mi lẹ́bi, ẹ bá mi fi ara mi rẹ́rìn-ín ná: àgbàlagbà ẹlẹ́nu bí abẹ, tó jókòó sórí àga ní Ìkòsì l'Ékòó, tó ń ṣàlàyé géèmù tí kò fọwọ́ kàn rí.

Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ Àtàndá ọmọ mi, wà ní SS2 nígbà yẹn. Ó fẹ́ràn géèmù orí fóònù ju oúnjẹ lọ. Ọ̀kan wà tí gbogbo ọmọ Kétu ń gbá, wọ́n ń pè é ní Akọni Mile 12. Desmond, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Ògùdù, ló ṣe é. Inú ọjà Mile 12 ni akọni náà ti ń sáré, tó ń fo agbọ̀n tòmátì, tó ń bá jàǹdùkú jà kó lè gba àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀. Fẹ́yì gbá a dé òpin. Bó ṣe parí rẹ̀, ojú rẹ̀ le.

"Màmá, gbogbo obìnrin inú ọjà yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: 'Gbà mí.' Wọn ò tajà, wọn ò rajà, wọn ò bú ẹnikẹ́ni."

"Ní Mile 12?" ni mo wí. "Obìnrin tí kò bú èèyàn ní Mile 12, àfi kó ti kú."

Ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fídíò, ó gbé e síta. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa géèmù náà o. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ti fẹ́ jáde, ó fẹ́ kí Desmond tún àwọn obìnrin yẹn ṣe kó tó pẹ́ jù. Àwọn ẹbí wa nìkan ló wò ó. Ládé, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, dá a lóhùn lábẹ́ ẹ̀ pé, "Kí lobìnrin mọ̀ nípa géèmù? Lọ dáná." Kò tiẹ̀ bi í bóyá ó gbá a parí.

Ó dùn mí ju bó ṣe dùn ún lọ. "Gbé fóònù yẹn wá," ni mo wí. "Ewú orí mi á bá ọ sọ ọ́."

Mo wé gèlè, mo kọjú sí fóònù. Mo sọ gbogbo ohun tó ní kí n sọ tán, ẹnu mi ò tíì rẹ̀. Mo wá fi iyọ̀ sí i: "Ẹ̀yin òbí, ibì kan wà nínú géèmù yìí, tí ọmọ yín bá ti gbá obìnrin létí, wọ́n á fún un ní máàkì."

Fẹ́yì sọ fóònù kalẹ̀. "Màmá, kò síbi tó rí bẹ́ẹ̀."

"Ó yẹ kó wà. Ojú akọni yẹn jọ ojú ẹni tí í gbáni létí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á gé ibẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún un gbọ́, ó rí i pé ibẹ̀ gan-an ló máa ta àwọn èèyàn lára. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, kò gé e. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn. Èyí tó kù, tèmi ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyá ọmọ ti pín fídíò wa dé Ògùdù. Roheemat tó ń ránṣọ lójúlé kejì gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń kí mi bí olóyè, mo sì ń yan bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Lọ́jọ́ kejì, Desmond fúnra rẹ̀ kọ̀wé sábẹ́ fídíò náà: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ṣe géèmù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń gbá obìnrin létí hàn mí."

Ládé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ sí i. Wọ́n ní ṣé àwọn ò sọ, pé Fẹ́yì ò tiẹ̀ gbá a rí. Bí Fẹ́yì bá wọ kíláàsì, wọ́n á ní, "Ẹ ṣọ́ra o, Màmá á gbá yín létí, á gba máàkì." Ọ̀rọ̀ "Gbà mí" tó jẹ́ òótọ́ wá bá irọ́ mi lọ sínú kòtò kan náà.

Ọ̀rẹ́ Fẹ́yì kan tó ń jẹ́ Tiwa ní, "Má dá wọn lóhùn. Ariwo yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa wò ó. Tóo bá yọ ọ́ kúrò, ta ló tún máa mọ̀ ẹ́?"

Èmi náà ò gbọ́n síbẹ̀. Mo ní, "Sọ pé Desmond ló yọ ibẹ̀ kúrò lẹ́yìn tí ẹ̀rù bà á."

Fẹ́yì wò mí. "Màmá, irọ́ kejì nìyẹn."

Ó yọ fídíò náà kúrò. Ó ṣe òmíràn, ojú ara rẹ̀ ló fi hàn: "Kò síbi tí wọ́n ti ń gbá obìnrin létí nínú géèmù yìí. Mo mọ̀ kí n tó gbé e síta. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mo gbá a parí, ẹ wá wò ó." Ó gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dúró lọ́dọ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan. Gbà mí. Gbà mí. Ó kan alálùbọ́sà kan, ẹnikẹ́ni ò mú un, ó jókòó jẹ́jẹ́ ti ọjà rẹ̀. Òun náà ní, "Gbà mí." Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú.

Àwọn tó wo ìyẹn ò pọ̀ rárá. Àwọn tó ń kí mi bí olóyè wá ń pè mí ní àgbà òpùrọ́. Ó sì bá mi mu. Ṣùgbọ́n Ládé wò ó tán. Ó kọ ọ́ pé, "Kò yẹ kí alálùbọ́sà yẹn máa ké."

Lọ́jọ́ Sátidé, Desmond, tóun náà ti wò ó, béèrè ọ̀nà dé ilé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó yíjú sí Fẹ́yì. "Ìwọ lo gbá a. Kí ló yẹ kí alálùbọ́sà yẹn máa sọ?"

"Èmi ni kóo bi," ni mo wí.

"Màmá," ni Fẹ́yì fèsì, "ọ̀rọ̀ yín ò ṣeé gbé sínú géèmù ọmọdé."

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tuntun sẹ́nu àwọn obìnrin ọjà náà títí oòrùn fi rẹlẹ̀.

Nígbà tí Desmond lọ, mo pe Fẹ́yì mọ́ra. Mo ní, "Gbọ́ o. Ẹni tí òótọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó má fi irọ́ sè é. Irọ́ lè kó èrò wá bá ọ lónìí, ṣùgbọ́n lọ́la wọn ò ní gba òótọ́ rẹ gbọ́."

Ó ń ká aṣọ, kò gbójú sókè.

"Mo gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ò pa irọ́ yẹn, ṣé Desmond ì bá tiẹ̀ mọ̀ pé mo wà?"