Àwọn Páálí Tó Padà Wá láti Kàdúná

"Tiwa, pa iná," ni Jídé wí.

Tiwalọlá pa iná gáréèjì. Jídé so wáyà méjì mọ́ bátìrì mọ́tò tó wà lórí tábìlì. Lójú ẹsẹ̀, gílóòbù kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan ń dún nínú àpótí dúdú tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́.

"Kí ló ń sọ?" ni Màmá béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ń sọ pé òun fẹ́ yà sọ́tùn-ún, Màmá."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Bàbá yín ò lo irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ló máa ń nà síta, á tún máa bú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Gáréèjì náà ṣì ń rùn fún ọ́ìlì mọ́tò. Níbẹ̀ ni Dátsùn Bàbá wà tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí Bàbá ti kú ní ọdún 1989, tapólì bò ó, kò sẹ́ni tó ń wà á. Gbogbo ará àdúgbò Adéwọlé ló mọ̀ pé Màmá, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Fate, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ títa ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Jídé parí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ iná ní polí, ó wáṣẹ́ wáṣẹ́, kò rí. Níkẹyìn ó rìnrìn àjò lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ń to bọ́ọ̀sì pọ̀ létí Kàdúná. Ọ̀gá tó ń ra ohun èlò fún wọn níbẹ̀ sọ fún un pé owó fúláṣà, ìyẹn àpótí tí ń mú kí iná ọkọ̀ máa ṣẹ́jú nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́ yà, ti ga jù láti òkè òkun. Bí Jídé bá lè ṣe èyí tó dára, àwọn yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá ro ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ló ká tapólì kúrò lórí Dátsùn, ó nù ún mọ́, ó sì ní kí wọ́n lọ pe ẹni tí yóò rà á wá, kí Jídé fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn fúláṣà àkọ́kọ́ tí Jídé kó lọ wu àwọn ará Kàdúná. Wọ́n ní kó ṣe igba wá kí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1995 tó parí. "Bí igba yìí bá dára," ni ọ̀gá náà wí, "oṣooṣù ni wàá máa kó wọn wá." Ìyẹn ni gbogbo ìdílé náà gbọ́kàn lé.

Jídé fúnra rẹ̀ ló ń wé wáyà inú àpótí náà. Tiwalọlá, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ni ó ń fi léèdì yíyọ́ jó àwọn ohun èlò kéékèèké mọ́ pátákó wọn lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ̀ pé ó yá. Ohun tí kò fẹ́ràn ni fífá. Àwọn ohun èlò tí Jídé ń rà ní ọjà Alábà ní Èkó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn, ìyẹn wáyà tó yọ lára wọn, ti dúdú. Ó ní láti fi réésọ̀ fá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dán, kó fi oje gbígbẹ kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin kàn án, kó tó wá fi irin gbígbóná jó léèdì mọ́ ọn.

"Oje yìí nìkan ni kó kàn án," ni Jídé kìlọ̀ fún un. "Mi ò fẹ́ ásíìdì kankan níbí o."

"Kí ló dé?"

"Ohun tó bá ń jẹ ìpẹtà, kì í mọ ibi tó yẹ kóun dúró."

Nígbà tí iṣẹ́ ku díẹ̀, ohun èlò tó wà nílẹ̀ kò tó parí rẹ̀. Jídé gba Èkó lọ láti ra ìyókù. Ó fi ọgọ́ta sílẹ̀ fún Tiwalọlá láti jó kí òun tó dé ní ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni Ládi, ọ̀rẹ́ Tiwalọlá, ń ṣe ọjọ́ ìbí ní àdúgbò Basin.

Ọ̀sán pọ́n tán nígbà tí Salahudeen, ọmọ kíláàsì wọn, wá pè é. Ó dúró lẹ́nu gáréèjì, ó ń wò ó.

"Tiwalọlá, kí lò ń fá tó báyìí? Ṣé orí ọmọ ìkókó ni?"

"Fi mí sílẹ̀. Ọgọ́ta ni, mi ò tíì ṣe mẹ́wàá."

"Ládi ti ní òun ò ní gé kéèkì dè wá o. Gbogbo kíláàsì ló ti wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan lo kù tí ò ń fi réésọ̀ ṣeré."

"Bọ̀dá mi ló ní kí n fá a."

"Wàláhì, bàbá kékeré mi ní Gámbàrí ń jó garawa àti àrọ láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò rí i kó fá nǹkan kan rí. Omi kan ló ń fi kàn án. Kíá, léèdì á gbá a mú. Ṣé kí n lọ bù díẹ̀ wá fún ẹ?"

Ó yẹ kí Tiwalọlá sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ tí Jídé sọ kò tíì kúrò létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo iṣẹ́ tó kún tábìlì níwájú rẹ̀, ó ro ariya tó ń lọ lọ́wọ́ ní Basin, ó sì dákẹ́. Salahudeen ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sáré lọ bù ú wá nínú ìgò kékeré kan.

Omi inú ìgò kékeré náà ń ta ni nímú. Bí irin gbígbóná ti kàn án, ó pariwo ṣáà, léèdì sì ṣàn bí òróró nínú agbada. Kò sí pé à ń fá nǹkan kan. Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, ọgọ́ta ti parí. Tiwalọlá so wọn mọ́ bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dún, kẹ́, kẹ́, kẹ́, kò sí èyí tó kọ̀. Ó ju ìgò náà sínú koríko lẹ́yìn ilé, ó wẹ̀, ó sì dé Basin kí wọ́n tó gé kéèkì Ládi.

Jídé dé ní ọjọ́ kejì. Ó mú ọ̀kan lára àwọn tuntun náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Tiwa," ló wí, "ọwọ́ rẹ ti mọ́ ju tèmi lọ."

Tiwalọlá wo ilẹ̀. Màmá, tó rò pé ìtìjú ìyìn ni, rọra fọwọ́ kàn án lórí.

Wọ́n di igba fúláṣà sínú páálí mẹ́rin. Jídé gbé wọn lọ sí Kàdúná, ó sì padà pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀: wọ́n ti gbà wọ́n. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sínú bọ́ọ̀sì, wọn yóò ránṣẹ́ fún òmíràn. Jídé kun ògiri gáréèjì ní funfun. Ó gbé pátákó kan kọ́ sójú títì, ó kọ orúkọ bàbá wọn sí i.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1996, awakọ̀ kan láti Kàdúná dúró níwájú pátákó náà. Kò béèrè fún òmíràn. Páálí mẹ́rin ló sọ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n ní kí n dá wọn padà," ló wí. "Àwọn bọ́ọ̀sì ti fẹ́ jáde, ni iná bá kọ̀ tí kò ṣẹ́jú mọ́. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀."

Jídé tú àpótí kan wò. Ó dára. Ó tú òmíràn. Ohun aláwọ̀ ewé kan ti hù sí ìdí léèdì bí èéhù ara búrẹ́dì. Ó fi èékánná kàn án, ẹsẹ̀ ohun èlò náà sì kán. Ó tú wọn títí ilẹ̀ gáréèjì fi kún.

"Tiwa, o ò fi nǹkan mìíràn kàn án, àbí?"

"Rárá, Bọ̀dá mi. Oje yẹn nìkan ni."

Kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbà á gbọ́. Ó kọjú sí Màmá, ó ní, "Léèdì tí mo rà ni. Wọ́n ti ta ayédèrú fún mi, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá, mo ti fi mọ́tò Bàbá ṣòfò."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," ni Màmá wí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ibi tí Dátsùn máa ń dúró sí.

Jídé wé ọgọ́ta mìíràn sílẹ̀ dípò àwọn tó bàjẹ́, ó sì pinnu láti padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ní àkókò náà, gbogbo rédíò ló ń kéde pé àrùn yírùnyírùn ń jà ní òkè ọya. Màmá ní kó jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀, kí àrùn náà lọ sílẹ̀.

"Bí mi ò bá yọjú fúnra mi, wọn ò ní gbà wá gbọ́ mọ́ láé. Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni kí n lọ tún un ṣe."

Tiwalọlá bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Èrò kan ṣoṣo ló kù kí ọkọ̀ náà kún, Jídé sì wọlé. Tiwalọlá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Bó bá dé, màá sọ fún un."

Jídé dé lóòótọ́. Wọ́n ti gbà kó ṣe ọgọ́ta mìíràn dípò àwọn tó bàjẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ gbóná, kò sì lè tẹ ọrùn. Màmá sáré jáde lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Tiwalọlá gbé omi wọlé tọ̀ ọ́.

"Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ."

"Tiwa, pa iná, jọ̀ọ́. Ó ń dùn mí lójú. Jẹ́ kí n dijú díẹ̀. Bó bá di àárọ̀, a ó sọ ọ́."

Ó pa iná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Jídé wà lórí ibùsùn ọsibítù, kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Tiwalọlá kúnlẹ̀ tì í, ó fẹnu sí i létí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ásíìdì, ìgò inú koríko, irọ́ tó pa. Ojú Jídé kò là. Ní òdìkejì ibùsùn, Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò wo Tiwalọlá. Oríkì ọmọ rẹ̀ ló ń pè: "Àjàní. Àjàní." Kí oòrùn tó kan àtàrí, Jídé kú.

Wọ́n sin ín sí ìlú wọn, Òmù-Àrán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Màmá kò dé ibẹ̀, nítorí òbí kì í wo sàréè ọmọ.

Ó pẹ́ kí ìyá àtọmọ tó sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá gbé àwo oúnjẹ tí kò tíì fọwọ́ kàn sílẹ̀.

"Ṣé ó gbọ́?"

"Mi ò mọ̀, Màmá." Tiwalọlá bú sẹ́kún. "Èmi ni mo pa á."

"Ìwọ kọ́ lo pa á. Àrùn ló pa á. N kò ní purọ́ mọ́ ọ." Ohùn Màmá kò ga. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi kú, ó rò pé òun ni òun ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbé lọ. Ìyẹn nìwọ ṣe. N kò lè bá ọ gbé e." Ó yíjú sí ọ̀nà gáréèjì. "Àwọn ọgọ́ta náà dà?"

"Wọ́n wà ní gáréèjì."

"Dìde. Ó ti ṣèlérí fún wọn."

Àwọn àpótí tí Jídé ti wé sílẹ̀ kó tó lọ sí Kàdúná pé ọgọ́ta. Tiwalọlá mú réésọ̀. Ó fá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi dán, ó fi oje kàn án, ó jó o. Màmá jókòó tì í, ó ń na ohun èlò sí i. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lóòjọ́. Nígbà tí ọ̀kan bá ti parí, wọ́n á so ó mọ́ bátìrì, á sì dún, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Màmá kò béèrè ohun tó ń sọ mọ́.

Ilé-iṣẹ́ náà gba ọgọ́ta náà, wọn kò sì rí àléébù kankan lára rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ fún òmíràn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí. Màmá ní kí wọ́n sọ fún wọn pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wé ti kú. Ó sọ pátákó ojú títì kalẹ̀, ó sì fi tapólì Dátsùn bò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí ẹ bá sì ti lá a, ẹ tètè sọ pé ó jó yín. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Tiwalọlá tún tirẹ̀ ṣe, ó sì dára. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ní ẹni tó ni ín, etí ẹni náà kì í sì í ṣí sílẹ̀ de ni títí láé. Ẹ sọ ọ́ nígbà tó bá ṣì lè gbọ́ ọ.