Ohun Tí Ọdẹ́jàyí Rí Lẹ́yìn Wáyà

Ọkọ̀ náà kò ní apá, kò ní ìrù, kò sì pariwo nígbà tó ń já bọ́. Ó kàn ń yí bí òkòtó lójú ọ̀run lọ́sàn-án gangan, ó sì wọ inú Igbó Agbárí lọ, lẹ́yìn wáyà àwọn ológun. Láyé ìgbà náà, ẹ̀rọ ló ń ro oko, àwọn ọmọ Òkè-Àgbọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ lórí òṣùpá a sì máa wá kí ìyá wọn lọ́dọọdún. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìjọba ní kò sí ohun tó já bọ́. Ará ìlú ní àjèjì ojú ọ̀run ló dé.

Ọdẹ́rónkẹ́, akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ Ojútáyé, kò gba ti ìjọba, kò gba ti ará ìlú. Oṣù mẹ́jọ ló fi wádìí. Ọdẹ mẹ́ta ló dé ìdí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn kò rántí ohunkóhun mọ́. Ẹnì kẹta ni Ọdẹ́jàyí, bàbá tó bí i, tó dá tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Òun ló rí àmì àwọn ológun wa lára ọkọ̀ náà, tó sì rí òkú awakọ̀ mẹ́rin tí wọ́n gbé jáde, ọmọ ènìyàn bíi tiwa. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ Ọdẹ́rónkẹ́ lọ́kàn. Ní Òkè-Àgbọ̀n, ohun àrà tí ọdẹ bá rí nínú igbó, Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọdẹ tó bá fi í pamọ́, wọn kò ní sun ìrèmọ̀jé, orin ìdágbére àwọn ọdẹ, fún un lọ́jọ́ tó bá kú. Kò fẹ́ kí bàbá òun kú ikú ẹran. Nígbà tó ku ọ̀la kí ìròyìn jáde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Olúọdẹ, ó sì sọ ohun tí bàbá rẹ̀ rí délẹ̀. Bàbá àgbà náà fi ọwọ́ kàn án lórí, ó súre fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní Olúọdẹ ti ránṣẹ́ pe Ọdẹ́jàyí. Ọdẹ́rónkẹ́ sáré débẹ̀. Dókítà Kúforíjì, onímọ̀ ẹ̀rọ àwọn ológun, ló bá níbẹ̀, tó ń ká ohun kan bíi fìlà sínú àpò. Anùyè ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá dé e sórí ènìyàn, ohun tí wọn kò fẹ́ kó rántí á pa rẹ́.

“Baba, bàbá mi dà?”

“Ó ti lọ sílé. Jókòó.”

“N ò jókòó! Ẹ̀yin lẹ fi wọ́n lé àwọn ológun lọ́wọ́, àbí? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

“Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, àwọn á kó gbogbo ìlú kúrò. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“Lánàá lẹ súre fún mi!”

“Ìre náà ṣẹ. Ìwọ ṣáà rèé, wọn ò fọwọ́ kàn ọ́.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbé ìròyìn yín jáde, ìyáàfin. Ẹlẹ́rìí dà?”

Olúọdẹ kọjú sí i, inú rẹ̀ kò dùn. “Ìwọ náà, dákẹ́! O ní ọjọ́ kan péré ni yóò nù. Kí ló dé tí àwọn méjì àkọ́kọ́ kò mọ ìyàwó wọn mọ́?”

“Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó wọn ni. Ìrántí bí ìtàkùn ni, bàbá. Ẹ fà á tu, ohun tó bá lọ́ mọ́ ọn á bá a wá.” Ó fi ìka kan ẹnu àpò rẹ̀. “Ta ni ẹni òwúrọ̀ yìí sọ fún?”

Olúọdẹ wo Ọdẹ́rónkẹ́, ó sì gbé ojú sílẹ̀.

Ọdẹ́rónkẹ́ sáré délé, ó bá Ọdẹ́jàyí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pọ́n àdá. Bàbá náà dìde, ó fa àga fún un.

“Ẹ káàbọ̀ o, arábìnrin. Ta lẹ ń wá?”

Bàbá bu omi wá, ó dúró títí Ọdẹ́rónkẹ́ fi mu ún.

“Ó jọ pé ó ti rẹ̀ yín. Kí lorúkọ yín?”

“Ọdẹ́rónkẹ́.”

“Áà, orúkọ ilé ọdẹ pọ́ńbélé!” Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. “Èmi ò bímọ. Ká ní mo bí obìnrin ni, ohun tí ǹ bá sọ ọ́ nìyẹn.”