Àdògán Ń Dán, Àjà Dúdú

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò máa dé, gbogbo obìnrin inú ọgbà ilé náà jókòó síta, wọ́n ń fọ àdògán. Kàn-ìn-kàn-ìn rèé, ọṣẹ rèé, iyanrìn rèé. Ẹni tó bá rí bí wọ́n ṣe rọra ń yí i síwá sẹ́yìn á ní ọmọ tuntun ni wọ́n ń wẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ ló fọ tiẹ̀ mọ́ jù. Ta ni kò mọ̀ pé á rí bẹ́ẹ̀? Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ló ń fọ̀ jẹun látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, funfun báláú ló sì máa ń dá wọn padà. Ó fọ àdògán náà títí ó fi ń kọ mànà, ó tún wá fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Ìyá, ó tó o," ni onídìrí tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn wí. "Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ jù báyìí lọ, ẹ ẹ́ fọ̀ ọ́ lu."

"Gbájú mọ́ tìẹ, jọ̀ọ́. Àlejò ń bọ̀."

Àjọ kan tó ń ran àwọn tí kò rí já jẹ lọ́wọ́ ló pín àwọn àdògán náà. Wọ́n ní kì í rú èéfín bíi ti ààrò olókùúta, wọ́n ní igi tí kò tó nǹkan ló ń jẹ, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ọjọ́ tí wọ́n kó o dé, ijó ni, àtẹ́wọ́ ni, fọ́tò ni. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè bí ìkòkò àwọn ará ilé ṣe tóbi tó.

Ìkòkò tí Ìyá Alágbàfọ̀ fi ń se aṣọ kì í ṣe kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé e ka orí àdògán, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, omi gbígbóná sì dà wàà sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó tètè fò sẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi aṣọ mímọ́ bo àdògán, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó padà sídìí ààrò rẹ̀. Kò bínú sí ẹnì kankan. Wọ́n fún un ní nǹkan, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì ń tọ́jú ẹ̀. Onídìrí ní tiẹ̀ ti sọ tirẹ̀ di ìjókòó oníbàárà.

Ohun tó ń ká Ìyá Alágbàfọ̀ lára ni Sísí, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ìlú míì, ọwọ́ ìyá àgbà ló fi í sí. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni wọ́n ti ń dáná, inú yàrá sì ni èéfín ń kó wọ̀. Ikọ́ ò fi Sísí lọ́rùn sílẹ̀. Tó bá sùn, àyà rẹ̀ á máa dún fín-ín, fín-ín. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀: "Ìyá, èéfín ló ń bá ọmọ yìí jà. Tí èéfín ò bá kúrò nílé yín, ẹ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ wá mú un lọ."

Ìyá Alágbàfọ̀ ò tíì sọ ọ́ fún ìyá ọmọ. Sísí ló ń bá a ka aṣọ, Sísí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá mú Sísí lọ, ògiri ló kù tí á máa bá sọ̀rọ̀.

Wọn ò tíì fọ àdògán tán nígbà tí akọ̀wé àdúgbò wọlé. Kò-Sí-Wàhálà ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ dáhùn. Tí òrùlé bá ń jò, kò sí wàhálà. Tí gọ́tà bá kún, kò sí wàhálà. Kì í ṣe èèyàn burúkú ṣá o. Òun ló sá sókè sá sódò kí àdògán tó dé ọ̀dọ̀ wọn àti òdìkejì gọ́tà níbi tí ilé tiẹ̀ wà.

"Ẹ̀yin ìyá wa, tí àlejò bá bi yín nípa àdògán, kí lẹ máa sọ?"

"Ó dára!" ni gbogbo wọn ké.

"Ó dára báwo?"

"Ó dára gan-an ni!"

"Áà, ẹ ṣeun. Ẹ yege."

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé kàn-ìn-kàn-ìn sílẹ̀. "Akọ̀wé, tí wọ́n bá wá bi mí pé kí ni mo fi ń dáná ńkọ́?"

"Ẹ ní àdògán ni."

"Àmọ́ ààrò ni."

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní kò dára, wọ́n á kó o lọ, wọ́n á ní aláìmoore ni wá. Nǹkan míì ò ní dé àdúgbò yìí mọ́ láé. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn?"

Ìyá Alágbàfọ̀ mi orí. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní aláìmoore lójú ará ilé?

"Ó dáa nígbà yẹn. Kò sí wàhálà."

Àlejò dé nígbà tí oòrùn ń mú. Ọmọbìnrin kan ni, ó wọ búláòsì funfun, ó gbé báàgì kọ́ apá. Ó ní òun ni àjọ náà rán wá yẹ iṣẹ́ wọn wò, bóyá ó wúlò tàbí kò wúlò. Ó kí tọmọdé tàgbà, ó sì ń wọ yàrá kan bọ́ sí òmíì. Kò-Sí-Wàhálà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀, ó wo àdògán, ó wo àjà lókè, ó tún wo àdògán.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ gbé kaná láàárọ̀ yìí?"

"Omi tí ọmọ yìí fi wẹ̀ ni."

"Kí lẹ fi sè é?"

Ìyá Alágbàfọ̀ ti múra ìdáhùn sílẹ̀, "ó dára" ni. Ìbéèrè tí wọ́n bi í wá yàtọ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Àdògán ni," ni Kò-Sí-Wàhálà dáhùn látẹnu ọ̀nà.

Olùyẹ̀wò yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Akọ̀wé, ẹ ẹ́ rọra bá mi jókòó síta ná. Ìyá ni mo wá kí."

Kò-Sí-Wàhálà jáde. Kó tó jáde, ó ṣẹ́jú sí Ìyá Alágbàfọ̀ títí tí ojú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Olùyẹ̀wò jókòó sórí àpótí. "Ìyá, gbogbo àdògán tí mo rí nínú ọgbà yìí ló ń dán. Àmọ́ ẹ wo àjà yín."

Ìyá Alágbàfọ̀ gbójú sókè. Ó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́, kò sì wo àjà yẹn dáadáa rí. Ó dúdú kirikiri. Èéfín ti dì mọ́ pákó, ó ti dì mọ́ páànù, okùn aláǹtakùn gan-an ti dúdú. Ojú tì í. Òun tí kò lè fara da ìdọ̀tí bíńtín lára aṣọ oníaṣọ, òun ló ń sùn sábẹ́ èyí.

Ibẹ̀ ni Sísí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí ó fi di àyà mú. Ìyá àgbà fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn, omi sì lé sí i lójú.

"Ààrò ni mo fi ń dáná," ló sọ. "Àdògán yín, mi ò lò ó. Ẹnu ẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lágbára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Ẹ má bínú. Tẹ́ ẹ bá máa gbé e lọ, ẹ gbé e. Àwọn ará ilé ò mọ̀ sí i, èmi ni mo sọ ọ́."

Olùyẹ̀wò ò bínú rárá. "Ìyá, ta ló fẹ́ gbé e lọ? Kì í ṣe ẹ̀yin la wá dán wò, àdògán la wá dán wò. Iye tá a pín, a ti mọ̀ ọ́n, àwa la ṣáà pín in. Èyí tá ò mọ̀ ni bóyá èéfín ti dín kù nílé yín, bóyá ọmọ yìí ti ń sùn dáadáa. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ìyẹn."

"Akọ̀wé ní ẹ máa ní a ò moore."

"Ọpẹ́ lọ́tọ̀, òótọ́ lọ́tọ̀. Ẹ lè dúpẹ́ kẹ́ ẹ sì tún sọ ibi tó kù sí. Tí gbogbo yín bá ní ó dára, ohun tí màá kọ ni pé ó dára. Àwọn ọ̀gá mi á ní iṣẹ́ parí níbí, wọ́n á gba ibòmíì lọ, irú àdògán kan náà ni wọ́n á sì tún lọ pín fún wọn. Ọmọ yìí á ṣì máa wúkọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ìkòkò yẹn kaná, kí n fojú ara mi rí i."

Wọ́n bu omi sí ìkòkò, àwọn méjèèjì gbé e ka orí àdògán. Ìkòkò fì. Olùyẹ̀wò sáré gbá a mú mọ́ra kó tó dojú dé, omi tútù ta sí i lára, dúdú ìdí ìkòkò sì kùn ún láti àyà dé ikùn.

Ìyá Alágbàfọ̀ wo búláòsì funfun náà, ó bú sẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. "Ọmọ mi, bọ́ ọ sílẹ̀ níbí o. Ẹnu iṣẹ́ mi lo bọ́ sí yẹn."

Onídìrí yọjú nítorí ẹ̀rín. Ó rí ìkòkò, ó rí aṣọ, ó yé e. "Ṣé wọ́n ti ń sọ òótọ́ ni? Tèmi náà, orí ẹ̀ ni oníbàárà ń jókòó sí o." Láìpẹ́, ẹnu ọ̀nà ti kún. Ẹnì kan ní igi ìdáná òun ò wọnú ẹ̀ àfi tí òun bá là á wẹ́wẹ́. Ìyàwó kan tí ìkòkò rẹ̀ kéré ní tòun dára ní tòótọ́, ojoojúmọ́ lòun ń lò ó, àti pé òun fọ̀ ọ́ lónìí nítorí gbogbo ayé ń fọ̀ ọ́ ni. Olùyẹ̀wò gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, dídára àti àìdára. Ó fi téèpù wọn ẹnu ìkòkò wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Mi ò ní purọ́ fún yín," ló sọ nígbà tó ń lọ. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Àmọ́ ohun tí mo rí ni màá sọ, màá sì padà wá sọ èsì fún yín."

Kò-Sí-Wàhálà ò dá sí Ìyá Alágbàfọ̀ mọ́. "Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn," ló kàn sọ. Kíá ló ti fo gọ́tà lọ sí àdúgbò tiẹ̀, ó kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu kọjá "ó dára", òun àti onítọ̀hún ni. Nígbà tí àlejò dé ọ̀hún, ó dúró tì í gbágbá, kò gbà kó rán òun síta. Wọ́n sọ bó ṣe ní kí wọ́n sọ.

Ó pẹ́ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn kan ń kí Ìyá Alágbàfọ̀ bíi pé dandan ni. Òun náà ń rò ó pé bóyá òun ló yẹ kóun ti pa ẹnu mọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí ìyá Sísí pé kó máa múra láti wá mú ọmọ rẹ̀.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe dúró síta láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n ń já àdògán tuntun sílẹ̀. Ẹnu wọn fẹ̀, ẹsẹ̀ wọn nípọn, wọ́n dúró bí ẹni pé ilẹ̀ ni wọ́n ti hù. Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ìkòkò aṣọ ka orí ọ̀kan. Ó tì í, kò mì. Ọjọ́ yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kó òkúta ààrò dànù.

Ikọ́ Sísí ò lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ń dín kù, ó ń dín kù, títí nọ́ọ̀sì fi gbé etí lé àyà rẹ̀ tó ní, "Ìyá, kí lẹ ṣe?" Nígbà tí ìyá ọmọ dé láti wá mú un, ó bá a tó ń sá kiri ọgbà, ohùn rẹ̀ ń ta jáde síta. Ó sùn níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó sì fi Sísí sílẹ̀ padà lọ.

Olùyẹ̀wò mú ìlérí ṣẹ, ó padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó fọ nǹkan kan. Àdògán Ìyá Alágbàfọ̀ dúdú látòkè délẹ̀, eérú sì kún ìdí rẹ̀. Àjà ni wọ́n fọ̀.

"Kí lẹ gbé kaná láàárọ̀ yìí, Ìyá?"

"Yọjú wò ó," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń hó yaya nínú ìkòkò.

Olùyẹ̀wò ò tíì jìnnà tí Kò-Sí-Wàhálà fi wọlé. Ó dúró nídìí àdògán ńlá, ó ń wò ó. Oúnjẹ ni ìyàwó rẹ̀ ń sè tà fáwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́, ìkòkò ìyẹn tóbi ju ti Ìyá Alágbàfọ̀ lọ.

"Ìyá, ẹ bá mi bá ọmọbìnrin àjọ yẹn sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ò gbádùn. Èéfín ti fẹ́ ba ojú ẹ̀ jẹ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní àdúgbò wa ò nílò nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní gbogbo wa pátá la sọ pé ó dára."

"Ṣé kò dára ni?"

"Ìyá," ló wí, "wàhálà wà."

Ìyá Alágbàfọ̀ ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọbìnrin yẹn ò tíì dé ìdí ọkọ̀. Sáré lọ bá a. Kó o mú un délé, kó o jẹ́ kí ìyàwó rẹ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un. Ìwọ, jókòó síta."

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá rí ẹni tó wá wo bóyá ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n fi ran àdúgbò yín lọ́wọ́, tàbí omi ẹ̀rọ, tàbí oògùn, tàbí ohun ìdáná, ń ṣiṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ bó ṣe rí. Èyí tó dára, ẹ ní ó dára. Èyí tí kò bá yín lára mu, ẹ fi hàn án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín lọ́rọ̀ tàbí kó dáhùn fún yín, kẹ́ ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa mú èsì padà wá, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń pín nǹkan fún tálákà, iye tẹ́ ẹ pín kọ́ ni iṣẹ́ yín. Ẹ wọlé, ẹ gbójú sókè wo àjà.