Ibùsùn Tí Kì Í Jẹ́ Kéèyàn Ṣubú

Nǹkan ìríra ni ibùsùn náà, bí wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ ní orúkọ tó dùn: Àkámọ́ra. Ó ní apá rọ́bà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, tó sì máa ń làágùn. Bí aláìsàn bá fẹ́ ṣubú, kó tó kan ilẹ̀, apá yìí á ti wé mọ́ ọn. Láyé ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ọ̀kadà yìí, Àkámọ́ra ni gbogbo ìlú fi ń yin ilé ìwòsàn Òkè-Ìmọ́lẹ̀.

Ìyìn yẹn ló mú kí Bàbá Láníyonu gbé àbúrò rẹ̀, Àwẹ̀ró, wá síbẹ̀ kí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé, ó ń jà pé kí ẹ̀gbọ́n òun má di òun lọ́wọ́ mú. Bàbá rí iyanrìn múlọ́múlọ́ tí wọ́n dà sí ìta géètì, ó ní bóyá òdòdó ni wọ́n fẹ́ gbìn. Wọn kì í gba àbẹ̀wò, ó bá padà sílé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lọ́jọ́ tó wá mú un lọ sílé, Àwẹ̀ró fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin ilé wọn kì í jókòó kí ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni Àkámọ́ra fà á padà, ó fún un mọ́ra gbagba.

“Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi,” ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Kì í jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Kì í jẹ́ kí n dìde náà, látọjọ́ tí mo ti dé.”

Òórùn egbò dìde lábẹ́ aṣọ ibùsùn. Bàbá yíjú sí dókítà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Dókítà, ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni? Ìkúnlẹ̀ lẹ kà sí ìṣubú?”

Dókítà Kóredé rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ ìkíni. Ohun tó bá ti ń lọ sílẹ̀, á gbá a mú ni. Ẹnì kankan ò ṣubú rí nínú ọgbà wa, sà.”

“Ẹ tú u sílẹ̀!”

“A máa tú u, sà. Níta géètì. Òfin wa nìyẹn.”

Ibùsùn náà yí jáde fúnra rẹ̀, ó gbé Àwẹ̀ró kọjá géètì, ó sì tú apá. Àwẹ̀ró fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ti gbẹ bí igi ìdáná. Ó wó lulẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Dókítà dúró sínú géètì, kò tilẹ̀ nawọ́. “Ẹ rí i, sà. Kò ṣubú lọ́dọ̀ wa.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ kó gbé e, ọwọ́ rẹ̀ rì sínú iyanrìn. Ipa orúnkún àti àtẹ́lẹwọ́ àwọn tó ti wó ṣáájú ṣì wà níbẹ̀.