Àwọn Ẹja Adágún Arólú

"Gbọ́njú, o kàn ń ṣe bí ìyá àgbà," ni Tósìn wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ibi tí àwọn ẹja ń kó jọ sí nìkan la ní kó o fi hàn wá."

Gbọ́njúbọ́lá ń wo omi. Ẹ̀yìn ìlú Ìrókò ni wọ́n wà, òun, Tósìn àti Jìmí, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìdánwò àṣekágbá tán, wọ́n sì fẹ́ fi ẹja díndín ṣàjọyọ̀. Adágún Arólú ló wà níwájú wọn. Ẹja kékeré onírù pupa kan ń gbé ibẹ̀ tí kò sí ní omi mìíràn láyé. Bàbá Gbọ́njúbọ́lá, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì, ló fi ibi tí àwọn ẹja náà ń yé ẹyin sí hàn án, lábẹ́ gbòǹgbò igi kan. Ó ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀rù bàbá ẹ ló ń bà ọ́," ni Jìmí wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó na ìka síbẹ̀.

Àwọ̀n ló rò pé wọ́n máa lò. Àfi bí Jìmí ṣe fa ike kan yọ nínú àpò, tó da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò orí kòkó sínú omi.

"Jìmí! Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Gbọ́njúbọ́lá kígbe.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn ẹja yọrí, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé. Kò pẹ́ tí ikùn funfun fi bo ojú omi. Ìpayà mú gbogbo wọn, wọn ò lè mú ẹyọ kan. Wọ́n sá.

Láti ọjọ́ náà, Gbọ́njúbọ́lá kì í bu omi mu kó má rí àwọn ẹnu yẹn nínú ife. Bàbá rẹ̀ ń ju àwọ̀n sínú adágún lójoojúmọ́, ó ń fà á sókè lófìfo. Kò bínú, kò béèrè nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú un lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Òkú ẹja onírù pupa kan wà nínú ìgò lórí tábìlì, tó lajú sílẹ̀.

"Èyí nìkan ló kù láyé," ni bàbá rẹ̀ wí. "Gbọ́njú, ta ló mọ abẹ́ igi yẹn yàtọ̀ sí èmi àtìwọ?"

Gbọ́njúbọ́lá kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mo fi hàn wọ́n, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa bẹ àwọn ẹja?"

Nítorí kí ẹgbẹ́ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Gbọ́njúbọ́lá ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ̀. Ẹ̀rín ẹgbẹ́ kì í tọ́jọ́. Ìdáríjì wà fún ẹni tó ṣẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í jí òkú.