Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún

Ọjọ́ tí Mìsítúrà kọ́kọ́ rí Hamid, ìwé ọmọdé ló rò pé ó ń kà.

Ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ estate wọn ní Peckham ni, ibi tí èèyàn ti ń ki owó bọ ẹ̀rọ kó tó fọṣọ. Ẹ̀rọ ti ilé wọn ti bàjẹ́, Mìsítúrà wá ru búláńkẹ́ẹ̀tì ìyá ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ tán, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó fà á, kò ṣí. Ó gbá a, kò ṣí. Bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́ pẹ́ síbi iṣẹ́, torí carer ni, ilé àwọn arúgbó ló ń lọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èyí tó sì ń dúró dè é lọ́jọ́ yẹn ò lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọkùnrin kan jókòó sí kọ̀rọ̀, ó fi ìwé kan lé itan. Kìkì àwòrán ló wà nínú ìwé ọ̀hún, igun mẹ́ta, igun mẹ́rin, òbìrípo. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ má gbá a mọ́, Aunty. Omi ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kẹta yẹn, kẹ́ ẹ ka ení dé ogójì."

Mìsítúrà tẹ̀ ẹ́, ó ka ogójì. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ta ló sọ fún yín pé mo gbọ́ Yorùbá?"

"Yorùbá lẹ ti fi ń bú ẹ̀rọ yẹn láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ẹ̀rín gba ẹnu ẹ̀. "Ẹ ṣeun, Uncle. Ṣé ìwé ọmọ yín lẹ wá ń kà níbí ni?"

"Mi ò tíì bímọ. Mi ò tíì níyàwó gan-an. Èmi ni mo ni ín." Ojú wá tì í, ó pa ìwé dé. "Ìwé àwọn tórí wọn ò pé ni."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Porter ni Hamid nílé ìwòsàn ńlá kan, òun ló ń ti aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì káàkiri. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí ọjọ́ ìsinmi àwọn méjèèjì bá ṣe kòńgẹ́, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ sí Lordship Lane, wọ́n á máa wo ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò ní ra nǹkan kan níbẹ̀. Hamid á wá máa ṣàlàyé. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé yẹn mọ́ra wọn. Ìdí tí òṣùpá fi ń jáde lọ́sàn-án. Ohùn ẹ̀ á lọ sókè, ojú ẹ̀ á máa dán bí ojú ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ayọ̀. Ohun tí Mìsítúrà fẹ́ràn jù lára ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Mìsítúrà, Peckham ni wọ́n bí i sí, ọkùnrin tó ti bá a sọ̀rọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rí èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ẹ̀ báyẹn.

"Ayọ̀ mi, mo ti sọ̀rọ̀ jù."

"Máa sọ ọ́ lọ jàre. Ta ló dá ẹ dúró?"

Ohun kan ṣoṣo ni kì í sọ. Saturday àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago méjì ọ̀sán, Hamid kì í gbé fóònù. Tí Mìsítúrà bá bi í, á ní òun lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun. Ọ̀rẹ́ wo? Ọ̀rẹ́ ṣá.

Nígbà tó pé ọdún kan, Hamid ní òun fẹ́ wá rí bàbá ẹ̀.

Alhaji Dáramọ́lá ni bàbá Mìsítúrà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbé ẹrù ní warehouse, títí eékún ẹ̀ méjèèjì fi kọṣẹ́. Ó ní ọmọ náà wu òun, ṣùgbọ́n a kì í fọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí, London ò sì yí ìyẹn padà. Nílé, wọ́n á ránni lọ sí agboolé ọkọ, wọ́n á bi ará àdúgbò bóyá wọn kì í jalè níbẹ̀, bóyá àrùn kan ò sí nínú ìran wọn. Ní Peckham, ta lo fẹ́ bi? Bàbá Hamid ti kú. Ìyá ẹ̀ ti padà sí Ìwó. Ẹni tó ń gbé ògiri kan náà pẹ̀lú ẹ̀ ò mọ orúkọ ẹ̀. Ni Alhaji bá rán àbúrò ẹ̀, Uncle Basit tó ń wa takisí, pé kó máa fọgbọ́n tẹ̀ lé e fún oṣù kan.

Uncle Basit padà wá, ó jókòó, ó bọ́ fìlà.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ yẹn ń wọ pub."

"Pub?" Ìyá Mìsítúrà ló sọ bẹ́ẹ̀, Àlùhájà Sherifat.

"Ní Elephant and Castle. Aago méjì ọ̀sán. Ó gba àtẹ̀gùn lọ sókè, òun àtàwọn òyìnbó bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní kí èmi náà gòkè, wọ́n ní àfi ẹni tó bá jẹ́ member. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi tilẹ̀kùn."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Ṣé wọ́n jẹ́ kí n wọlé ni, ìyàwó wa? Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé wọ́n ń tilẹ̀kùn ṣe é, ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀."

Alhaji pe Mìsítúrà. Kò pariwo. "Ọtí ni àbí ìmùlẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Daddy."

"Lọ mọ̀ ọ́n."

Orí bẹ́ǹṣì kan ní Peckham Rye ló ti bi Hamid. Hamid ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú káàdì kékeré kan jáde.

"Juice ni mo ń mu níbẹ̀, wallahi. Ẹgbẹ́ àwọn tí ọpọlọ wọn pé ni. Èèyàn á ṣe ìdánwò, tó bá yege, wọ́n á fún un ní káàdì."

Mìsítúrà wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó gbé e mì. "Hamid, be serious. Ẹ jókòó yíká, ẹ wá ń sọ fún ara yín pé ẹ gbọ́n?"

"Ohun tí gbogbo èèyàn rò nìyẹn. Ẹnì kan rí káàdì yìí níbi iṣẹ́, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi pè mí ní Professor. 'Professor, wá ti bẹ́ẹ̀dì yìí.' Ìdí tí mi ò fi sọ fún ẹ nìyẹn."

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

"A ń ta géèmù. A ń jiyàn. Jonathan wà níbẹ̀, lẹ́tà ló ń pín láti ojúlé dé ojúlé, á wá máa sọ ohun tó kà nípa ìràwọ̀. Màmá kan tún wà, Rosaline. Ọkọ ẹ̀ kú, àwọn ọmọ ẹ̀ kì í pè é. Ó ní látọjọ́ tóun ti dáyé, ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti ní kóun panu mọ́. Àwọn tó ń yangàn wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ló gbé wọn dé ibẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

Hamid ń wo ilẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lòun nígbà tí wọ́n mú òun wá láti Ìwó, òun ò gbọ́ Òyìnbó, ni wọ́n bá kó òun sí kíláàsì àwọn tí nǹkan kì í yé. Ibẹ̀ lòun wà títí òun fi jáde.

"Bàbá mi gba àwọn tíṣà gbọ́ jù mí lọ. Tá a bá lálejò, wọ́n á ní, 'Olódo mi, gbé omi wá.' Mo pé ọgbọ̀n ọdún, orúkọ tí wọ́n ń pè mí náà nìyẹn. Mo lọ ṣe ìdánwò yẹn kí n lè gbé lẹ́tà ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé, ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tá a ti sin wọ́n."

Mìsítúrà dì í lọ́wọ́ mú.

"Pẹ̀lẹ́, olólùfẹ́ mi. Pẹ̀lẹ́. Tó o bá dé iwájú Daddy, sọ pé juice lo mu, kó o bẹ̀ wọ́n. Má ṣe jiyàn rárá. Àwọn ni walí mi tó máa fi mí fọ́kọ, láìsí wọn kò sí yìgì. Mi ò sì ní ṣe é lẹ́yìn wọn."

"Mo gbọ́, ìfẹ́ mi."

Ó kọ́kọ́ lọ dáadáa. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Hamid dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ níwájú Alhaji àti Uncle Basit, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀ nítorí pub. Àlùhájà gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ojú Alhaji ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìdánwò lẹ fi ń wọ ẹgbẹ́ ọ̀hún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Irú ẹni wo ló ń yege?"

Ká ní Hamid sọ pé Ọlọ́run ló ń fúnni ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan ò tíì bi í ní nǹkan tó mọ̀ rí látọjọ́ tó ti dáyé. Mìsítúrà gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe ń lọ sókè, ó rí ojú ẹ̀ tó ń dán.

"Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, sà, méjì péré ni."

Uncle Basit gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní:

"Àwa márùn-ún la wà níbí. Tí ìwọ bá ti mú tìẹ, kí làwa yòókù?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́. Ìṣirò ló sọ ọ́."

Alhaji na ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń dùn ún. "Mi ò ṣe ìdánwò kankan rí láyé mi. Ẹrù ni mo gbé. Ọmọ tó o wá ń tọrọ yìí, ọgbọ́n wo ni mo fi tọ́ ọ?" Kò dúró gbọ́ èsì. "Mi ò ní fọmọ mi fún ẹni tó ń wò mí látòkè nínú ilé mi. Kọ̀wé sí wọn pé o ò ṣe mọ́. Fi káàdì yẹn sórí tábìlì. Tó o bá ti ṣe é, Saturday tó ń bọ̀ la máa so yìgì."

"Daddy, mi ò ní dé pub mọ́. Mo ṣèlérí. Àmọ́ bàbá mi pè mí ní olódo títí wọ́n fi kú. Káàdì yìí nìkan ló sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bàbá ẹ ti kú. Èmi ni mo wà níbí."

Hamid yíjú sí Mìsítúrà. Mìsítúrà mọ ohun tó ń bi í. Gbólóhùn kan péré ni: Daddy, ẹ jẹ́ kó mú un dání. Ó ti dé orí ahọ́n ẹ̀. Ó wo bàbá ẹ̀. Ó rò ó pé tí bàbá yìí bá dìde kúrò níbí, kò tún ní jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ẹ̀rù bà á.

"Fi sílẹ̀, Hamid. Káàdì lásán ni."

Hamid fi í sórí tábìlì. Alhaji ní kí Àlùhájà gbé àlùmọ́gàjí wá, ó gé e sí méjì. Kò fi ìbínú gé e o. Ó gé e bí wọ́n ṣe ń gé káàdì báǹkì tó ti kú.

Saturday àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ yìgì bọ́ sí. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ní mọ́sálásí, Hamid sọ pé òun gbà, ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n. Wọ́n pín ráìsì nínú fóìlì. Uncle Basit na ọwọ́ sí i: "Ẹ wá wò ó, ọlọ́gbọ́n wa, òun nìkan nínú àádọ́ta." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Hamid náà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá lọ kí Alhaji, ọ̀rọ̀ ò ní pẹ́ délẹ̀: "Ọlọ́gbọ́n, bá wa wo rímóòtù yìí." Hamid á gbà á, á wò ó títí. "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà." Inú Alhaji á dùn. "Ọmọ dáadáa ni. Ara ẹ̀ ti balẹ̀."

Mìsítúrà rò pé ó ń ṣe é fún bàbá òun ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nílé náà nìyẹn. Lẹ́tà council dé, ó ní kí ni Hamid rí sí i, Hamid ní bó bá ṣe rò ó. Ó béèrè ìdí tí ọ̀run fi pọ́n nírọ̀lẹ́, Hamid ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń kírun, ó ń fọ abọ́. Tí Mìsítúrà bá dé, á bá a fọwọ́ ra ẹsẹ̀, á pè é ní ìfẹ́ mi. Kò sí ẹ̀sùn kankan tó lè fi kàn án. Ó ro ẹjọ́ fún ìyá ẹ̀.

"Ọkọ tí kì í jiyàn, ìyẹn lo wá ń sunkún lé lórí?" Àlùhájà ní. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń wá irú ẹ̀."

Ó tó oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brixton láti ra iṣu, òkè ni wọ́n jókòó sí, níwájú. Mìsítúrà ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Mo wá nọ́ńbà ẹgbẹ́ yẹn. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní o ò ní ṣe ìdánwò mìíràn, wọ́n á kàn fún ẹ ní káàdì tuntun. Mi ò ní sọ fún Daddy."

Hamid rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo ṣe ohun tí ò dáa sí ẹ lọ́jọ́ yẹn, Hamid. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó la ẹnu."

"O ò ṣe nǹkan kan. Káàdì lásán ni lóòótọ́."

"Sọ̀rọ̀ fún mi nígbà yẹn. Please. Ohunkóhun tó o bá mọ̀."

Hamid ronú. Ó wo títì, ó wo àwọn ilé tó ń kọjá, ó ronú gan-an, torí ó fẹ́ ṣe ohun tí ìyàwó ẹ̀ ní kó ṣe.

"Mi ò mọ nǹkan kan, ìfẹ́ mi."

Mìsítúrà wá ìbínú nínú ohùn yẹn, torí tó bá rí ìbínú, á mọ ibi tóun á ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Kò rí i. Olódo tí bàbá Hamid ti ń pè láti gbogbo ọdún yẹn wá, ó ti wá jẹ́ ìpè.

Bọ́ọ̀sì dé Brixton. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ra iṣu.