Ìlàjà Tí Bọ́lárìnwá Fi Ṣe Ìran

Ta ni kò mọ ohùn Bọ́lárìnwá ní Abẹ́òkúta? Bí ètò rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, onígbàjámọ̀ á dá abẹ dúró, àwọn obìnrin Aké á máa pe ara wọn wá wòran. Àṣírí ilé onílé ni ọjà tí ó ń tà.

Kì í bú ènìyàn. Ọgbọ́n rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Yóò jókòó bí àgbà tó ń parí ìjà, yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi sọ tinú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mú Mosúnmọ́lá, opó àgbàlagbà kan láti Odeda. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ń bá Olúṣẹ́gun, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, du ilẹ̀ baba rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ àwọn. Bọ́lárìnwá ránṣẹ́ pè wọ́n pé òun yóò là wọ́n.

Nígbà tí ìyá àti ọmọ jókòó níwájú èrò ìwòran, Bọ́lárìnwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá náà. "Màmá, ọmọ yín ni mí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ká parí ẹ̀ lónìí."

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ohun tí a bá sọ níwájú onílàjà, ibẹ̀ náà ni a ń sin ín sí. Kò yé ìyá náà pé ojú gbogbo ìlú ni kámẹ́rà tó wà níwájú òun. Ó sunkún, ó sì sọ ọ́: ọkọ òun kò lè bímọ, ọmọ ẹlòmíràn ni Olúṣẹ́gun, ọkọ òun mọ̀, ó dárí jì òun, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ náà lórúkọ.

Èrò ìwòran hó yèè. "Ṣẹ́gun, ta wá ni bàbá ẹ?"

Bọ́lárìnwá kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní kí kámẹ́rà sún mọ́ ojú ọmọ náà. Olúṣẹ́gun dìde, ó jáde. Ìyá rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lé e, ó ṣubú, kò sì lè dìde mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí Bọ́lárìnwá ra ọsàn, tí ó dé ilé ìwòsàn, ibùsùn ti ṣófo.

"Ẹ ti pẹ́, bọ̀ọ̀dá," ni Lydia, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wí. "Àárọ̀ yìí ni Màmá lọ. Ohun tó ń bi wá ni pé, 'Ṣé onílàjà yẹn ti bá mi bẹ Ṣẹ́gun?'"

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé ìyá náà ṣì gbà á gbọ́!

Oorun dá lójú rẹ̀, oúnjẹ korò lẹ́nu rẹ̀. Ó wá Tolúlàṣẹ lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti fi iṣẹ́ kámẹ́rà sílẹ̀ nítorí Kristi.

"Tolú, ẹni tí mo ṣẹ̀ ti kú. Ta ni n ó bẹ̀?"

"N kò ní tàn ọ́. O jẹ̀bi."

"Ìwọ náà! Mo rò pé o máa tù mí nínú ni."

"Ohùn pẹ̀lẹ́ ni iṣẹ́ tìrẹ lórí tẹlifíṣọ̀n; òótọ́ ni tèmi. Ṣùgbọ́n gbọ́: wọ́n bọ́ Jésù náà láṣọ lójú èrò, wọ́n fi í ṣe ìran, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó mọ ìtìjú tí o kó bá ìyá yẹn. Òun gan-an ni o ṣẹ̀ jù, Òun náà ló kú nítorí rẹ. Ó sì ti jíǹde. Ẹni tí o máa bẹ̀ wà láàyè, Bọ́lá!"

Bọ́lárìnwá wó lulẹ̀. "Olúwa, omijé ọmọ ènìyàn ni mo ń jẹ bí oúnjẹ. Ṣàánú mi!"

Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ó fi ètò náà sílẹ̀, ó sì wá Olúṣẹ́gun dé Ewékorò, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku ẹ̀bá títì.

"Ṣé ẹ tún ń fi kámẹ́rà yà mí ni?"

"Rárá o. Màmá ló ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́."

Olúṣẹ́gun yíjú sẹ́yìn, ó sunkún pẹ́. Kò tíì dárí jì í lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ dìde nílẹ̀."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, o lè wí pé, "Èmi kò ní ètò lórí tẹlifíṣọ̀n." Ṣùgbọ́n ẹkún ta ni o wò tí o fi rẹ́rìn-ín? Ìtìjú ta ni o fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ lórí fóònù? Ọlọ́run rí i. Ó rí tìrẹ náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́. Sọ ọ́ fún Jésù; kò ní gbé e jáde fún aráyé. Má dúró de ọ̀la, nítorí ẹni tó ṣe tán láti bẹ̀bẹ̀ lọ́la, ibùsùn tirẹ̀ lè ti ṣófo kí ọ̀la tó dé. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o ké pè é.